Obìnrin Tó Ń Kó Òógùn Pamọ́

Nǹkan tí gbogbo abúlé Gorno Slatino ní Bulgaria fi ń rántí Zlatina Balabanova ni ọjọ́ tó dá òkú dúró lójú ọ̀nà.

Oṣù kẹjọ ni. Oòrùn mú bí iná àdògán. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé pósí Gancho, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lé èjìká, wọ́n ń gun òkè lọ sí itẹ́ òkú. Wọn kò tíì fi ìdérí bo pósí náà, nítorí ẹ̀bá sàréè ni wọ́n ti ń bò ó níbẹ̀, Gancho sì kọjú sí ọ̀run bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Wọ́n dé ìdajì òkè ni obìnrin kúkúrú kan tó wọ ẹ̀wù funfun bá jáde lábẹ́ igi ásálà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí wọn lọ́nà.

"Ẹ dúró! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nu ojú!"

"Dókítà, òkú la gbé o!" Penko, tó wà níwájú, ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mo rí i. Òun ò kánjú. Ìwọ lò ń làágùn. Dúró jẹ́ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àwọn pélébé funfun mọ́ wọn lápá, irú èyí tó máa ń fa òógùn mu. Bàbá àlùfáà sún mọ́ ọn, ó rọra sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Zlatina, ojú ò wá tì ọ́?"

"Ó ń tì mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n òógùn gidi ti wọ́n. Èyí tí wọ́n ń là nílé ìwádìí lórí kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan, òógùn ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣeré ni."

Àwọn kan máa ń sọ pé ó ní kí wọ́n gbé òkú náà sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ ni. Òun gan-an ló sọ pé kí wọ́n má gbé e sọ̀, kí òógùn má baà dá.

Nígbà tí Balabanova padà dé yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ìlú Kazanlak, Nevena Shopova, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ṣí àpótí yìnyín. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé òkú. Pélébé márùn-ún ló wà nínú àpótí, karùn-ún sì tutù rinrin bíi ti àwọn yòókù.

"Mà, ta ló ni èyí?"

Balabanova gbé e sókè, ó fi ojú wá orúkọ lára rẹ̀. Kò sí orúkọ. Ó ronú díẹ̀. "Apá pọ̀ níbẹ̀," ó wí. "Mo rò pé mo lẹ ọ̀kan mọ́ Gancho."

Orí Nevena wú. Àga tó fẹ́ jókòó lé ṣubú. "Òkú làágùn?"

"Gbé àga yẹn dìde. Òkú kì í làágùn. Inú yàrá tútù ni wọ́n ti gbé e jáde sínú oòrùn. Tí o bá gbé ìgò bíà kúrò nínú fíríìjì, kí ló máa ń yọ lára ìgò?"

"Omi."

"Ìrì ni. Kì í ṣe òógùn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì fi pamọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù."

Nevena fún omi inú pélébé náà sínú ìgò kékeré kan, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ÌRÌ NI. Àwọn ará Slatino ní tiwọn sọ pé ooru ọ̀run àpáàdì ló ti kọ́kọ́ na Gancho, nítorí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló fi máa ń pe àwọn àgùntàn rẹ̀ wálé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀; wọ́n ti gbọ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n Nevena náà gbọ́ àlàyé, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń mu bíà rẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Kí ni obìnrin yìí ń fi òógùn ṣe? Àìsàn kíndìnrín kan wà ní Slatino tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó ń gbé àpò ọkà lónìí, tó bá fi máa di ọdún díẹ̀ sí i, kò ní lè gbé ife tíì. Ó ti pa bàbá, ó ti pa ọmọ, nínú ilé kan náà. Ìgbàgbọ́ Balabanova ni pé àmì rẹ̀ á ti wà nínú òógùn tipẹ́tipẹ́, nígbà tí ara ṣì le. Àwọn ará abúlé ti rí abẹ́rẹ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń wá ẹ̀jẹ̀. "Ẹ pa ẹ̀jẹ̀ yín mọ́," ó sọ fún wọn. "Èyí tí ẹ̀ ń nù dànù ni kí ẹ fún mi." Báyìí ló ṣe ń gba òógùn lára àwọn tó ń ká òdòdó róòsì àti àwọn tó ń sè é di òróró, ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbígbà rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́. Pípa á mọ́ ni. Òógùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kúrò lára, afẹ́fẹ́ á mu omi rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ á ki sí i, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á jókòó ti ìyókù, wọn á máa jẹ ẹ́. "Tóo bá fi falẹ̀," Balabanova máa ń wí, "òógùn Penko á ti di ti ẹlòmíràn, wàá sì máa tọ́jú ẹni tí kò sí láyé." Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ìgò gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, nítorí olè ni afẹ́fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wọ fíríìsà kíá. Èyí tó bá sì ti yọ́, wọn kò gbọdọ̀ tún mú un dì.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́, mà?" Nevena bi í nígbà kan.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń kú."

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ jù ni pé ó máa ń dorí àwọn ìgò náà kodò lórí bébà gbẹ́rẹfu, kó tó kó wọn sí fíríìsà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà ìkórè, gbogbo ilé ní àdúgbò náà ló máa ń sun tàtàṣé àti tòmátì, wọ́n á gún un, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò fún ìgbà òtútù, wọ́n á sì dorí ìgò kodò. Èyí tí ìdérí rẹ̀ kò dára á jò, wọ́n á rí i, wọ́n á yọ ọ́ kúrò kó tó ba òmíràn jẹ́.

Nínú ìpàdé ńlá kan, ọ̀mọ̀wé kan na ọwọ́ sókè. "Dókítà, ṣé búrẹ́dì la máa fi jẹ òógùn yín ni?" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Balabanova kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó gbé ìgò ata kan àti búrẹ́dì jáde, ó yí ìdérí rẹ̀. Ìdérí náà dún pọ́! Ó fi ọ̀bẹ ra ata náà sára búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ó sì gbé ìyókù yí ká. Ta ni yóò kọ ata ní Bulgaria? Wọ́n jẹ ẹ́. Ó dùn, ó ń ta sánsán bí ẹni pé àná ni wọ́n sè é.

"Ta ló sè é?" ọ̀mọ̀wé yẹn bi í, ata ṣì wà létè rẹ̀.

"Ìyá mi. Ọdún tó kú ló sè é, ìyẹn ti pẹ́. Ó yẹ kẹ́ ẹ kí i."

Ọwọ́ òkú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wọn yó.

Nígbà tí àìsàn kọlu Balabanova náà, ohun tó ń kó ọkàn rẹ̀ sókè ni fíríìsà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó máa ń ké píì píì, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ píì píì títí wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Balabanova pe oníṣẹ́ iná wá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá yẹn fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn Balabanova ló máa ń ti inú rẹ̀ jáde: "Ta ló ṣí i sílẹ̀? Ti ilẹ̀kùn, màlúù!"

Nevena rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Nígbà yẹn, ẹni tó ni ohùn ṣì wà láyé.

Ní ìparí ìgbà òtútù, ibà dá Balabanova dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Nevena bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ṣé o mú pélébé wá?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi."

"Màá sinmi láìpẹ́. Òógùn rere ń ṣòfò. Lẹ̀ ẹ́."

Nevena tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, ó ń lẹ pélébé mọ́ ọn lápá, omi sì ti kún ojú rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ kan dìde, ó fi ìka kan ti iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má sunkún sórí ẹ̀! Iyọ̀ ló wà nínú omijé. O máa bà mí jẹ́."

Àtúnṣe tó gbẹ̀yìn tí Zlatina Balabanova ṣe fún ẹ̀dá alààyè nìyẹn, ó sì tọ̀nà.

Wọ́n lẹ ìwé ìkéde ikú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mọ́ òpó iná, àti mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ó wá ku nǹkan kan: ní òròòwúrọ̀, ìwé tó wà ní yàrá ìwádìí máa ń tutù. Ẹ̀kán omi á rọra bọ́ sílẹ̀ láti iwájú orí àwòrán náà, á gba ẹ̀gbẹ́ imú kọjá, á dúró ní àgbọ̀n. Àwọn ìwé yòókù ní ìlú gbẹ fúrúfúrú. Nevena mọ ìdí rẹ̀: ilẹ̀kùn irin ni, yàrá tútù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkùukùu àárọ̀ sì ń gbá a níwájú. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Mímọ̀ ọ́n kò sì ní kó má gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọ̀gá tuntun dé láti Sofia, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ognyan Zagorov, ọkùnrin gígùn tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ó wo iye iná tí fíríìsà ń jẹ, ó mi orí. Ní ọ̀sán gangan, òun nìkan wọ yàrá náà lọ láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fíríìsà. Èéfín tútù rọ́ jáde, ó bo bàtà rẹ̀. Ó fa àpótí kan, ó tún fa òmíràn. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un.

"Ta ló ṣí i sílẹ̀?" ni ohùn obìnrin kan bi í láti inú yìnyín.

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí Ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tó ń kọjá. Wọn kò rí i dáadáa, nítorí eré rẹ̀ pọ̀. Bàtà rẹ̀ kan ló kù sínú yàrá, nígbà tí Nevena sì máa dé ibẹ̀ láti ti ilẹ̀kùn, ohùn náà ṣì ń pe bàtà yẹn ní màlúù.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣàlàyé fún Zagorov, èyí sì mú kí inú tún bí i sí i. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù," ó sọ fún Nevena. "Omi àtijọ́ lásán ni. Ta ló lè jẹ́rìí pé òógùn inú wọn kò tíì yí padà?"

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Dókítà ti kú. Ẹ̀mí rẹ̀ ṣì ń rìn káàkiri láàárín nǹkan rẹ̀. A kì í fọwọ́ kàn án."

"Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mí, Nevena. Mi ò gba irú ìyẹn gbọ́." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀nà fíríìsà. "Àmọ́ a máa dúró kó pé ogójì ọjọ́."

Báyìí ni wọ́n fẹnu kò. Wọ́n á ṣí àwọn ìgò tó pẹ́ jù, ìyẹn àwọn ti ọjọ́ ìsìnkú Gancho. Iye iyọ̀ àti ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá nínú wọn ní ọjọ́ náà wà nínú ìwé ọdọọdún tí ilé ìwádìí ti tẹ̀ jáde, ẹ̀dà kan sì wà lórí pákó ìwé Zagorov fúnra rẹ̀. Bó bá dọ́gba, fíríìsà dúró. Bí kò bá dọ́gba, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa yọ wáyà.

Penko gbọ́ ọ ní abúlé, ó sì wá. Ó ti darúgbó, ó di fìlà mú ní àyà. "Nevena ọmọ mi, àbúrò mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn. A jọ gbé Gancho ni. Ó le bí ẹṣin nígbà náà. Kíndìnrín ló pa á. Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin ń jí pẹ̀lú ojú wíwú. Dókítà ṣèlérí pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tó máa rí ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò rí nínú òógùn àbúrò mi, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa wá lára ọmọ mi kó tó pẹ́ jù."

"Ẹ̀rọ yẹn ti dé, Bàbá Penko. Àbúrò yín ni a ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ tó pé ogójì, wọ́n lọ sí sàréè Balabanova pẹ̀lú àlìkámà bíbọ̀ tí wọ́n da ṣúgà sí. Penko da ọtí rakiya díẹ̀ sílẹ̀ fún un. "Mu ún, Dókítà. Ìgò yẹn kún dé ẹnu." Láti ibẹ̀ wọ́n lọ tààrà sí yàrá ìwádìí. Ìkùukùu bo ìlú lọ́sàn-án gangan, ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn sì ń kán.

Nevena kó ìgò márààrún jáde. Yìnyín inú wọn kún dé ìdérí, kò sí èyí tó jò. Penko tẹjú mọ́ ọ̀kan.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin nìyẹn, nígbà tí irun ṣì wà lórí yín."

"Kú àtijọ́," Penko kí ìgò náà.

Wọ́n jẹ́ kí wọ́n yọ́, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Zagorov di ìwé mú, ó ń fi ìka tọ ìlà. Ti Penko jáde: ó dọ́gba. Ti ẹnìkejì: ó dọ́gba. Nígbà tó kan ti àbúrò, Penko di etí tábìlì mú. Ẹ̀rọ ń kùn. Zagorov wo ẹ̀rọ, ó wo ìwé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Sọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n," Penko wí. "Àbúrò mi ni àbí omi àtijọ́ ni?"

"Àbúrò yín ni," Zagorov rọra dáhùn.

Ti ẹnìkẹrin náà dọ́gba. Zagorov wá gbé ìgò karùn-ún. "Kí ni ÌRÌ NI?"

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí iyọ̀, kò sí ìdọ̀tí, kò sí nǹkan kan tó hù nínú rẹ̀. Ohun tí Balabanova ṣe hàn sí i díẹ̀díẹ̀. Ká ní ìgò kan jò sórí ìkejì ni, ká ní kòkòrò kan yọ́ wọ inú fíríìsà yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni, inú omi òfìfo yìí ló máa ti kọ́kọ́ hàn. "Òfìfo," ó wí. "Òfìfo tó mọ́ nigínnigín. Ta ló ni ín?"

"Gancho, sà."

"Òṣìṣẹ́ yín kan ni?"

"Òkú tí wọ́n gbé ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ gan-an, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan lẹ́yìn wọn pariwo pé, "Ta ló ṣí i sílẹ̀?"

Nígbà tí ti àbúrò dọ́gba, Nevena ti tún ṣí fíríìsà láti to àwọn àpótí, ó sì gbàgbé ilẹ̀kùn nínú ìdùnnú. Zagorov ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó fi èjìká tì í pa. "Ẹ má bínú, mà!" ó wí, kó tó rántí pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun. Ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó ti dáadáa. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ wáyà yìí," ó sọ, fún Nevena, àti fún fíríìsà. "Bàbá Penko, ẹ mú ọmọ yín wá lọ́la."

Lẹ́yìn tí Zagorov lọ, Nevena ń to àwọn àpótí padà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìgò kan tí kò tíì sí ẹni tó ṣí i, ìgò òógùn ibà, tí orúkọ Zlatina wà lára rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó gbé e jáde sí ìmọ́lẹ̀. Nínú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ara ìgò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀kán kékeré, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí iwájú orí ẹni tó ń gun òkè.

Penko fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sára. "Nevena," ó wí jẹ́jẹ́, "Dókítà ń làágùn."

"Ìrì ni, Bàbá Penko," Nevena dáhùn. "Kì í ṣe òógùn."

Ó dá a padà sínú yìnyín kíá kó má baà yọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ sí ojú fèrèsé tó wà lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí àwọn ìgò dáadáa, ó sì sunkún níbẹ̀.